Ikú Gba Ẹjọ́ Bàbá Rahmọ́tù Lọ́wọ́ Adájọ́

Yéè, Bàbá mi! Ó wá di ẹ̀yìn yín là ń wò báyìí, Sálíù Àkàndé, àgbẹ̀ Òkèhò tí í ta aládùúgbò lọ́rẹ iṣu tuntun kó tó gbé tirẹ̀ kaná. Ó dìgbà o, ẹni tí kì í bá ọmọdé wí lójú àlejò, tí kì í sì í bá àgbà jiyàn lójú ọmọdé.

Àwọn tó ń wá kí wa ń pa á lówe pé iná kú, ó feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn wa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ iná kúrò nínú ọ̀rọ̀ Bàbá mi. Iná ló gbé e dé kóòtù, kóòtù ló gbé e dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló sì ti kó àìsàn wálé. Èmi Rahmọ́tù, àkọ́bí rẹ̀, mi ò fẹ́ gbọ́ òwe iná nílé yìí mọ́.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ tọrọ àforíjì ló gba ilé là. Bí ewúrẹ́ wa bá jẹ àgbàdo onílé kejì, ẹ ó ti dé ọ̀hún kí olóko tó mọ̀. Bí àwọn ọmọ bá jà, tí ẹ ò tilẹ̀ mọ ẹni tó kọ́kọ́ na ẹnì kejì, ẹ ó ti ṣí fìlà, ẹ ó máa bẹ ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún yín. "Ẹ má bínú, ẹjọ́ mi ni." Ìyá wa a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ẹ ó ní ẹjọ́ yín ni. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ọ̀rọ̀ tútù kì í dá egbò sí èèyàn lẹ́nu. Bàbá mi, èyí dá egbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá, tí ẹ ò mọ bó ṣe jẹ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, pápá ti gbẹ, àwọn tó ń dẹ òyà sì ń tiná bọ igbó kiri bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Iná kan gba ẹ̀bá oko Bàbá mi kọjá. Kò wọ oko rẹ̀, nítorí kò sí ọdún tí kì í ro ẹ̀bá rẹ̀ yíká kí ọyẹ́ tó dé. Oko tó kángun sí tiwa ló wọ̀, ó sì jó abà Ganíyù. Ganíyù wà nínú abà, ó ń sun oorun ọ̀sán. Kò jáde.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá mi lọ sílé òkú. Ó dojúbolẹ̀ níwájú ìyá Ganíyù, ó ní, "Ẹ̀bá oko mi niná ti wá. Ẹjọ́ mi ni. Ẹ foríjì mí." Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ìjàǹbá gba ẹ̀bá ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá ló ń kọ́kọ́ gba ẹ̀bi, kí ilé méjì má baà kọjú ìjà síra wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá jókòó wádìí òótọ́. Ìyá Ganíyù fúnra rẹ̀ fà á dìde, ó ní òun gbọ́. Wọn ò ráyè jókòó wádìí. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n mú un, ohun tó sọ lójú ìyá òkú náà ló tún sọ ní àgọ́ wọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó tẹ ìka sí i.

Ní kóòtù gíga, lọ́yà ìjọba ní kí adájọ́ wò ó, oko ẹlòmíì jó, ti Sálíù kò jó. Adájọ́ ní ẹni tó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, kí la tún ń wá lọ? Ó fi Bàbá mi sẹ́wọ̀n.

Èmi ẹlẹ́lùbọ́, mi ò mọ kóòtù kan yàtọ̀ sí kan. Nígbà tí lọ́yà wa ní a ó gba kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ, mo rò pé wọ́n á pe ìyá Ganíyù, wọ́n á pe àwọn àgbà, wọ́n á bi wọ́n pé kí ni "ẹjọ́ mi ni" ń jẹ́ lẹ́nu àgbàlagbà Òkè-Ògùn. Mo ti bá ìyá náà sọ̀rọ̀, ó sì gbà láti lọ. Mo sọ ọ́ fún lọ́yà. Ó ní, "Rahmọ́tù, wọn kì í pe ẹlẹ́rìí lọ́hùn-ún. Àkọsílẹ̀ kóòtù àkọ́kọ́ ni wọ́n máa kà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá adájọ́ ibẹ̀ ṣi òfin lò. Ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀, wọn ò lè gbọ́ ọ." Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó bi àwọn àgbà léèrè ohunkóhun ní kóòtù àkọ́kọ́. Lójú àkọsílẹ̀, kò sí àgbà kankan nílé Ganíyù lọ́jọ́ náà.

Ibi tí lọ́yà rí dì mú ni pé Bàbá mi kò sọ ọ́ níbì kankan pé òun ṣáná. Ó ní ìjẹ́wọ́ tí òfin ń fẹ́ kì í ní àbùlà. Ẹni tó ní iná ti ẹ̀bá oko òun wá kò tíì ní òun ló dá a.

A tọrọ béèlì kí ẹjọ́ tó dé iwájú wọn. Kí wọ́n tó dá èèyàn lẹ́bi, òfin ṣì ń wò ó bí aláìṣẹ̀, oníduùró gidi sì lè gbà á sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti dá a lẹ́bi, ojú ti yí padà nìyẹn. Wọ́n á ní kí ló ṣe tìrẹ tó fi yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù? A ní àgbà ni. Wọ́n ní àgbà pọ̀ lẹ́wọ̀n, wọ́n kọ̀. Bàbá, ìgbà tí ẹsẹ̀ yín wú, tí ẹ ò lè mí délẹ̀ mọ́, tí dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n kọ̀wé pé agbára àwọn kò ká a, ìgbà náà ni wọ́n gbà. Inú mi dùn. Ẹ wo bí ayé ṣe ń sọ èèyàn dà, kí ọmọ máa dúpẹ́ pé àìsàn bàbá òun le tó.

Ẹ délé, ẹ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ ò béèrè oko. Nírọ̀lẹ́ kan ẹ pè mí. Ẹ ní, "Rahmọ́tù, mo rí ẹ̀yìn ẹnì kan lọ́jọ́ náà. N ò rójú ẹ̀. Àmọ́ mo mọ ìrìn ẹ̀." Mo ní ta ni? Ẹ mi orí. "Tó bá wá jẹ́ ẹlòmíì ló ń rìn báun ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n fi dè mí. N ò níí fi de ọmọ ọlọ́mọ." Mo bínú sí yín. Mo sọ ọ́ lójú yín pé orúkọ yín ló ń bàjẹ́ yìí, orúkọ tí àwọn ọmọ ọmọ yín máa jẹ́. Ẹ ní kí n bá yín bu omi wá.

Adájọ́ mẹ́ta ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Lọ́yà wa rò, ti ìjọba rò, kò pẹ́ rárá. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ bi lọ́yà ìjọba pé, "Níbo ló ti sọ pé òun ló tiná bọ igbó?" Ọkùnrin náà ṣí ìwé, ó tún un ṣí, kò rí nǹkan kan fi hàn wọ́n. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ń lọ kọ ìdájọ́, àwọn á ránṣẹ́ pè wá. Kí ìránṣẹ́ wọn tó dé, ikú ti rán tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin yín, mo lọ bá lọ́yà pé ṣebí wọ́n ṣì máa ka ìdájọ́ náà. Kò lè wò mí lójú. Ó ní bí ẹni tó pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ẹ̀wọ̀n bá ti kú, ẹjọ́ náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n á kàn pa á tì ni. Ohun tó wà lọ́kàn àwọn adájọ́ mẹ́ta yẹn, a ò ní mọ̀ ọ́n láyé. Ohun tí adájọ́ àkọ́kọ́ kọ ló dúró: Sálíù Àkàndé jẹ̀bi ikú ọmọnìkejì rẹ̀.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ làwọn èèyàn ti ń wọlé kí wa. Mò ń kí wọn kú ìrìn, ojú mi sì ń bẹ lẹ́sẹ̀ wọn. Mò ń wo ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀, mò ń wo ẹni tó ń sáré tẹ̀lé èjìká ara rẹ̀. Ìyá Ganíyù wá, ó jókòó tì mí pẹ́. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó ní, "Èmi ò ka bàbá ẹ sẹ́ni tó pa ọmọ mi. Àmọ́ ẹni tó pa á ṣì ń jẹun nílùú yìí." Àwọn ọmọ Ganíyù kò wọlé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo àwọn èrò bí èmi náà ti ń wò wọ́n. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, wọn ò yí ojú padà.

Ìwọ tí o dáná náà, ọ̀kan nínú ìwé ìdárò yìí tí à ń pín á kàn ọ́. Bóyá o ti ṣe àmín sí àdúrà fídáù. Bàbá mi mọ̀ ọ́, ó sì gbé ọ bò mọ́ra wọ sàréè. Adájọ́ kò lè yọ orúkọ Bàbá mi kúrò nínú ẹ̀bi mọ́. Ìwọ nìkan ló kù. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, tètè sọ ọ́, nítorí ẹni tí ì bá bẹ àwọn ọmọ Ganíyù fún ọ ti lọ.

Bàbá mi, kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà ṣe ilé yín. Níbi tí ẹ lọ, wọn kì í wo àkọsílẹ̀ kóòtù. Adájọ́ tó wà níbẹ̀ rí ojú ẹni tí ẹ̀yin rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ sùn re o, Àkàndé. Ẹ sùn wọra. Ohun tó ń bọ̀ nílùú yìí, kó má bá yín lójúfò.