Ìròyìn Ayọ̀ Tó Ń Bà Mí Lẹ́rù

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ní Pobè sọ fún mi pé tánsíọ̀n mi, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń yọ mí lẹ́nu, ti wálẹ̀ dáadáa, ṣe ni mo ní kó tún un wọ̀n. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún ìyàwó mi ní ọ̀sẹ̀ tó ṣaláìsí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún un, a ra ẹja tútù bọ̀ wálé. Bí a ṣe ń yà fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Onigbolo, ìyàwó mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: “Olówó orí mi, ẹ sọ fún opó tó ń wò yín ní Issaba pé kó wá ọkọ ẹlòmíràn. Mo ṣì wà.” Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè pè mí mọ́. Wọ́n ní ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ti le, bí ẹfun tí omi kànga wa ń fi sílẹ̀ nínú ìkòkò.

Nígbà tí wọ́n yẹ ọrùn tèmi wò, ọ̀rá ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ náà. Oògùn tánsíọ̀n kan náà ni àwa méjèèjì ń lò.

Àbúrò ìyàwó mi, tó ń ta aṣọ ní Sakété, kò fọ̀rọ̀ bò. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ da oògùn yẹn nù. Ó ń mú tánsíọ̀n wálẹ̀ lójú yín, ó ń bọ́ ọ̀rá kó sanra lẹ́yìn yín.”

“Ta ló sọ fún ọ bẹ́ẹ̀?”

“Ta ló sọ fún yín pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀?”

Láràárọ̀ ni mò ń di oògùn náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e mì, ẹ̀rù ń bà mí láti fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ àyẹ̀wò kejì pé, mo lọ sí Sakété. Dókítà, obìnrin kan tí kò ju ọmọ mi lọ, ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú iṣan lórí ọrùn mi. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Mo bi í bóyá oògùn yìí ń bọ́ ọ̀rá.

“Rárá, Bàbá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agbára lu iṣan, ó ń dá ọgbẹ́ sí i, ibẹ̀ ni ọ̀rá ti ń ráyè lẹ̀. Oògùn yín ń dín agbára yẹn kù. Àwọn oògùn tánsíọ̀n kan tilẹ̀ lè máà jẹ́ kí ọ̀rá náà tètè pọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbá èyí tó ti wà níbẹ̀ jáde.”

“Ti ìyàwó mi ńkọ́?”

“Bóyá ó ti pọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Mi ò lè búra.”

Mo ń fẹ́ kó búra.

“Tèmi?”

“Ó ṣì wà níbẹ̀. Kò pọ̀ sí i.”

Mo sọ fún àbúrò ìyàwó mi ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó pariwo ọpẹ́, ó fẹ́ pe àwọn aládùúgbò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Dákẹ́. Irú ayọ̀ yìí la yọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́jọ́sí.”

Ó jókòó lórí ìdì aṣọ. Ó tún dìde, ó bu omi fún mi. “Ó dáa. Ẹ lò ó lójú mi.”

Mo gbé oògùn náà mì. Ojú rẹ̀ kò kúrò ní ọrùn mi.