Oṣù Mẹ́wàá ní Mazamaza

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọkọ mi lé mi jáde. Kò lé mi. Àwa méjèèjì la jókòó nídìí tábìlì oúnjẹ nílé wa ní Festac, a jọ fohùn ṣọ̀kan, èmi gan-an ni mo sì gbé àpótí mi sínú mọ́tò. Mo tètè ń sọ ọ́ torí mo mọ ẹnu àwọn èèyàn.

Ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń ṣe tíṣà nígbà tí àwọn ológun ní kí òṣèlú padà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Amúwò ni mí nígbà náà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ń jókòó sí. Mo kọ lẹ́tà sí ìjọba, mo tún lẹ́tà kọ, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Nígbà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú kan wá bá mi pé ọmọ Ọ̀jọ́ ni mí, pé gbogbo òbí ló mọ̀ mí, kí n wá du ipò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, mi ò jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí mo máa jágbe mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ló wá ṣòro. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, iṣẹ́ yẹn la sì fi rí ilé tí à ń gbé. Kò tíì pé ọdún méjì tí àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ Festac kó kúrò níbẹ̀ nígbà náà, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ògiri wa. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní òun gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣòṣèlú, kí ó ṣọ́ra kó má sọ ilé ìjọba di ilé ẹgbẹ́. Bóyá òfin bẹ́ẹ̀ wà, bóyá kò sí, mi ò mọ̀ títí di òní. Ẹnikẹ́ni ò fi ìwé kankan hàn wá, èmi náà ò sì béèrè.

“Tíṣà,” ọkọ mi ní, torí bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, “tí wọ́n bá wá fún mi ní kúẹ́rì ńkọ́?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀,” mo ní. “Màá gba yàrá síta. Tí ìbò bá ti parí báyìí, mo ti padà sílé mi nìyẹn.”

Ẹ ò rí ìgbéraga! Mo sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun ń lọ ra iyọ̀. Ilé bàbá mi wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí obìnrin kó ẹrù padà sílé bàbá rẹ̀? Gbogbo ìlú á ní ó ti kọ ọkọ, ta ló máa wá dìbò fún un? Mo gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Mazamaza, lójú ọ̀nà Badagry, níbi tí àwọn èèyàn ẹgbẹ́ á ti lè rí mi. Ìyá ọkọ mi wá láti Ìjẹ̀bú láti máa tọ́jú àwọn ọmọ. Obìnrin ni èyí àgbà, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọkùnrin ni èkejì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé márùn-ún. A ní kí wọ́n máa wá kí mi ní ọ̀sán Sátidé.

Láti àárọ̀ ni pálọ̀ mi ti máa ń kún. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja, àwọn awakọ̀, àwọn tí ilẹ̀ wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, gbogbo wọn ló ní ẹjọ́. Wọ́n ń pè mí ní ìyá wa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dìde lọ, á wá ku èmi àti bẹ́ǹṣì mẹ́rin. Ìrẹsì ẹni mẹ́rin lọwọ́ mi mọ̀ ọ́n sè, kò mọ ti ẹnì kan, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń jẹ ìkòkò kan. Kí n má purọ́, mo máa ń sunkún sídìí ìkòkò yẹn, màá sì tún bú ara mi pé èmi àgbàlagbà.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló burú jù. Nítorí ọ̀gá yẹn, a kì í jókòó pọ̀ mọ́. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ wà níwájú, èmi wà ní ìlà karùn-ún lẹ́yìn wọn. Ìpàkọ́ ọmọbìnrin mi ni mo fi ń mọ bó ṣe ń dàgbà. Ìyá ọkọ mi ló ń dirun fún un, ìlà irun náà á wọ́ bí ọ̀nà oko, ọwọ́ mi á sì máa yún mi. Tí ìsìn bá parí, ọkọ mi á na ọwọ́ sí mi níta, á ní, “Ẹ kú ìsìn o, mà.” Ọkùnrin tí mo bímọ méjì fún! Ojú rẹ̀ máa ń bẹ̀ mí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì máa ń bí mi.

Àwọn Sátidé náà, ọwọ́ ara mi ni mo fi bà wọ́n jẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin mi gun itan mi níbi tí ìpàdé ti gbóná, ló bá sùn lọ. Àgbà ẹgbẹ́ kan ní, “Ìyá wa, ṣé ìbò la fẹ́ wọlé ni àbí ọmọ la fẹ́ tọ́?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo gbé ọmọ sílẹ̀, mo ní kí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta títí a ó fi ṣe tán. Nígbà tí mo máa jáde, ìyá ọkọ mi ti wá kó wọn lọ. Sátidé kejì, mo ránṣẹ́ pé mò ń lọ sí Badagry. Èyí tó tẹ̀ lé e, òjò. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń ránṣẹ́ ṣáá pé kí wọ́n má wá, àwọn náà ò sì béèrè mi mọ́.

Mo wọlé ìbò náà. Wọ́n fi lọ́rì gbé mi yí ká, láti Mazamaza dé Ọ̀jọ́. Àwọn tó bá fẹ́ gbọ́ nípa ilé aṣòfin máa ń bi mí bí inú mi ṣe dùn tó lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ilé mi ni mò ń rò lórí lọ́rì yẹn, ọjọ́ mẹ́rin sì ni àlejò fi dá mi dúró kí n tó ráyè lọ.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Èmi nìkan, pẹ̀lú báàgì mi. Ọmọbìnrin mi ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti ga. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà.” Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo wo àga mi. Ìborùn àti Bíbélì ìyá ọkọ mi ló wà lórí rẹ̀, ni mo bá jókòó sórí èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà wọlé lọ, ó gbé omi wá lórí tíréè, ó fi àwo pẹlẹbẹ bo kọ́ọ̀bù náà, ó tún kúnlẹ̀.

“Dádì ò tíì dé láti ibi iṣẹ́, mà,” ó ní. “Màmá àgbà náà mú àbúrò mi lọ sọ́jà. Ṣé ẹ máa lè dúró dè wọ́n?”

Yéè! Èmi tí mo ti bá ogunlọ́gọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀ láìgbọ̀n. Mo fẹ́ sọ pé ilé mi nìyí, pé èmi ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò ṣe nǹkan kan tó burú. Ó ṣe é dáadáa gan-an ni. Mo mu omi náà tán.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” mo ní, “màá dúró.”

Ó ní, “Ẹ ṣeun, mà,” ó gbé tíréè rẹ̀, ó sì padà sídìí ìwé tó ń kà.