Àfikún Ìyá Káàdì

Ọdún mẹ́rìnlá ni ọkùnrin tí gbogbo ilé ìwòsàn náà ń pè ní Alátùnṣe ti fi ń jókòó sínú yàrá kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn, tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń kọjá lókè orí rẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn. Ó ti mọ ẹsẹ̀ kálukú. Dókítà àgbà a máa fi gìgísẹ̀ kan àtẹ̀gùn kọ̀kọ̀kọ̀ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa sáré gùn ún láàárọ̀, wọn a sì máa wọ́sẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bó bá di ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ogójì kọ̀ǹpútà máa ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń rántí pé ó wà láyé. Bí ẹyọ kan bá dákẹ́, gbogbo ẹnu ni wọ́n fi ń pè é.

Ó fẹ́ràn kí nǹkan wà létò. Ìwé àjákọ kan wà lórí tábìlì rẹ̀, tó fi rúlà fa ìlà sí látòkè délẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá sọ bùráúsà di ọ̀tun, ìyẹn fèrèsé orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣí ìwé àwọn aláìsàn, á kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á kọ ohun tó bàjẹ́, á sì kọ ohun tó ṣe sí i. Ojú ewé mọ́kànlá nínú ìwé náà ló jẹ́ ti nǹkan kan ṣoṣo, àfikún Ìyá Káàdì.

Àfikún ni ètò kékeré téèyàn ń so mọ́ bùráúsà kó lè ṣe ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Eléyìí, iṣẹ́ kan ló mọ̀. Ìlà yòówù téèyàn bá dúró lé lórí, á sọ ọ́ di ńlá, lẹ́tà á yọ ní yẹ́lò lórí dúdú, gàdàgbà-gadagba bí àkọlé ara ògiri. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ojú ìwé lèèyàn sọ di ńlá, àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ á sá kúrò lójú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ò ní ṣeé ṣe. Ẹni tó kọ àfikún náà ti pa á tì tipẹ́. Nínú rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé ẹ̀dà bùráúsà báyìí sí báyìí ni kó bá ṣiṣẹ́, nítorí náà, bí ẹ̀dà tuntun bá ti dé, á kà á sí àlejò, á tì í síta. Alátùnṣe á wá ṣí inú rẹ̀, á pa nọ́ńbà ibẹ̀ rẹ́, á kọ èyí tó ga jù ú lọ, á dá a padà. Bùráúsà á gbà á wọlé bí ọmọ ilé. Ìgbà mọ́kànlá ló ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó sọ fún ọ̀gá kankan nínú rẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kó sọ ọ́ ni ojú Ìyá Káàdì. Ìyá yìí ló ń jókòó sẹ́nu fèrèsé yàrá káàdì. Aláìsàn á sọ orúkọ, á sọ ọjọ́ ìbí, ìyá á tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà káàdì á yọ, á kọ nọ́ńbà yẹn nìkan sórí pélébé ìwé, agbófáìlì á sì lọ gbé fáìlì wá láti ẹ̀yìn. Wọn kì í kọ orúkọ sórí pélébé, kí ẹni tó bá he é má baà mọ ẹni tó ń ṣàìsàn. Taípíìsì ni ìyá náà ní kékeré, ìka rẹ̀ ò nílò ojú. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́rin tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ọdún méjì ààbọ̀ ló kù kó fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, bí wọ́n bá sì mọ̀ pé kò ríran, ilé ni wọ́n á ní kó lọ. Alátùnṣe nìkan ló sọ fún. Ìyá rò pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí, ìwé wá láti ọ́fíìsì àgbà pé bó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, ẹ̀dà tuntun ló gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Alátùnṣe ṣe ti Ìyá Káàdì gbẹ̀yìn. Ó yí nọ́ńbà padà bó ti máa ń ṣe é. Àfikún wọlé, ó jókòó, kò ṣe nǹkan kan. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó wò ó títí, ó wá rí i pé nọ́ńbà nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò mọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Èdè tí wọ́n fi kọ inú rẹ̀ gan-an ni bùráúsà tuntun ò gbọ́ mọ́.

Ó gbé iṣẹ́ náà relé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ń gún aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tó rí kọ̀ǹpútà lábẹ́ apá rẹ̀, ó ní orogún òun tún dé, ó sì béèrè bóyá wọ́n ti bá òun fún un lóúnjẹ. Ọkọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń tún inú àfikún náà kọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ọrùn ń dùn ún. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Bàbá wọn, títí di ìgbà wo lẹ máa ṣe èyí?"

"Ọdún méjì ààbọ̀."

"Ìyẹn ló kù fún Ìyá Káàdì. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ó ṣẹ́kù?"

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà àtijọ́, àfikún náà máa ń fúnra rẹ̀ wọn bí àpótí tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀ yóò ti fẹ̀ tó. Bùráúsà tuntun ní kí ẹni tó kọ ọ́ sọ bó ṣe máa fẹ̀. Alátùnṣe fi nọ́ńbà káàdì tirẹ̀ dán an wò, 48216, èyí tó ti ń lò láti ọjọ́ tó ti ń tún nǹkan ṣe níbẹ̀. Ó wọn ọ́n kó ṣe géérégé, kò fi àyè kankan ṣòfò, torí bó bá fẹ̀ jù, á bo bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà márààrún jókòó síbẹ̀ bí ẹyin nínú kéréètì. Ó pa á dé, ó mí kanlẹ̀.

Káàdì tirẹ̀ ti pẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí nọ́ńbà káàdì ti di ẹyọ mẹ́fà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èrò kún ẹnu fèrèsé. Kó tó di aago mẹ́wàá, dókítà yàrá kẹta ti jáde síta, fáìlì lọ́wọ́, ó ń bi agbófáìlì bóyá ó dá a lójú pé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé tó jókòó níwájú òun ló ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn. Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé fáìlì arúgbó wá fún ọmọ ọwọ́, ẹ̀rín dín kù. Ẹ̀kẹta ló mú kí ọ̀gá yàrá káàdì, ọkùnrin kan tó kéré sí Ìyá Káàdì ní ogún ọdún, dìde kúrò ní ìjókòó rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Alátùnṣe.

Alátùnṣe ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tán tó fi rí i. Lójú kọ̀ǹpútà, 10473 wà níbẹ̀, yẹ́lò lórí dúdú, etí nọ́ńbà kẹfà sì yọ díẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀kùn há mọ́.

"Ọwọ́ mi ló ṣe é, sà," ló wí. "Àfikún kan tí mo so mọ́ ọn ló ń gé nọ́ńbà."

Ọ̀gá ní òun ò mọ àfikún kankan tí ọ́fíìsì àgbà fọwọ́ sí. Ó ní kó yọ ọ́ kúrò kíá, kí wọ́n lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Alátùnṣe gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ ò lọ. Ó ti ń wá irọ́ tó máa pa: á ní ó máa gba òun dọ̀la, á ní kọ̀ǹpútà náà fẹ́ sinmi. Ìyá Káàdì ò wo ẹnì kankan lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ohùn sókè.

"Yọ ọ́, àbúrò mi. Ó ti rẹ̀ ọ́."

Ó yọ ọ́. Ojú kọ̀ǹpútà funfun, lẹ́tà kéékèèké sì tò síbẹ̀ bí èèrà. Ọ̀gá ní kí ìyá jọ̀ọ́ ka nọ́ńbà ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé náà síta. Ìyá sún mọ́ ọn, ó tún sún sẹ́yìn.

"Mi ò rí i. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mi ò rí i."

Agbófáìlì, tó gbé fáìlì mẹ́fà sáyà níbi tó dúró sí, ló dá a lóhùn.

"Ìyá, a mọ̀. Kí lẹ rò pé ó ń jẹ́ kí n máa fi kálàmù ńlá kọ̀wé sí yín láti èṣí?"

Ìyá Káàdì yíjú sí i, ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀. Ọ̀gá béèrè ohun tí kò jẹ́ kó gòkè lọ rí dókítà ojú, nígbà tó jẹ́ pé àjà kejì ló wà. Ìyá ní bí òun bá gòkè, wọ́n á ṣí fáìlì fún òun. Ta ló sì ń ka fáìlì bí kì í bá ṣe àwọn tó wà nínú yàrá yìí?

Ọ̀gá nawọ́ sí pátákó tó wà lára ògiri lọ́ọ̀ọ́kán fèrèsé ìyá. Ìwé kan wà níbẹ̀, etí rẹ̀ ti pọ́n, pé òṣìṣẹ́ tí ojú bá ń dùn lè gba kọ̀ǹpútà olójú ńlá, tí ó ní ètò lẹ́tà gbàǹgbà tirẹ̀, bí dókítà bá ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi kọ ọ́. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni Alátùnṣe ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

"Mi ò lè ṣèlérí, mà," ni ọ̀gá wí. "Dókítà ló máa sọ bóyá ẹ ó ṣì máa jókòó síbí. Fọ́ọ̀mù náà sì lè pẹ́. Kó tó dé, ẹ jẹ́ kí Alátùnṣe dá nǹkan yẹn padà, ṣùgbọ́n kó gba gbogbo nọ́ńbà. Agbófáìlì á sì máa wò ó pẹ̀lú yín."

Nọ́ńbà kan péré ni Alátùnṣe yí padà nínú àfikún náà, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fẹ àpótí náà títí tó fi gba ẹyọ méje, ó sì ti bọ́tìnnì sí ẹ̀gbẹ́. Àpótí náà bo igun bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀, kò wuyì, Alátùnṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Káàdì ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ ọjọ́ náà ló fi dán an wò. Agbófáìlì ka nọ́ńbà náà síta, Ìyá Káàdì tún un kà, wọ́n bára mu.

Ó padà sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ṣí ìwé àjákọ rẹ̀ sí ojú ewé kejìlá. Ó kọ ọjọ́. Níbi tó yẹ kó kọ ohun tó bàjẹ́ sí, kálàmù rẹ̀ dúró, kò mọ èyí tó máa kọ nínú méjèèjì, àpótí nọ́ńbà tàbí àṣírí tó ń bá ìyá pa mọ́. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ kan lókè orí rẹ̀, tó ń gùn díẹ̀díẹ̀, tó ń fi bàtà wá etí àtẹ̀gùn kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó gbórí sókè. Kò mọ ẹsẹ̀ yẹn. Ní gbogbo ọdún mẹ́rìnlá tó fi jókòó síbẹ̀, kò gbọ́ ọ rí.

Ó ń ka àtẹ̀gùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹsẹ̀ náà fi dé àjà kejì.