Wáfù Sátidé ní Àgùdà

Bàbá Ambrose ki ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún bọ inú òróró, ó jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù kán padà sínú abọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka náà pa inú ihò kọ̀ọ̀kan lára rọ́bà pẹrẹsẹ tó wà níwájú rẹ̀. Ihò mẹ́rìndínlógún ni, onígun mẹ́rin-mẹ́rin. Ọmọńdinrín nìkan ló wọ inú wọn. Bó bá pa ọ̀kan tán, á dáwọ́ dúró, á tẹ̀ síwájú wo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó tó bọ́ sórí èkejì. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé ojú egbò ọmọdé ló ń fi òògùn kùn.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ni. Motọ́lání, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti gbéra n'Ìbàdàn láti aago mẹ́fà. Ó ti pè lórí fóònù pé òun ń bọ̀, pé òun ń gbé báàgì ńlá kan bọ̀. Báàgì òfìfo ni. Aṣọ bàbá rẹ̀ ni yóò kó sínú rẹ̀.

Ìkòkò ẹ̀wà kan ló fa gbogbo rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Bàbá Ambrose gbé ẹ̀wà ka orí gáàsì, ó lọ dúró lójú fèrèsé kó lè wo òjò tó ń ṣú bọ̀. Òjò náà dé, ó rọ̀, ó dá. Bàbá ṣì wà lójú fèrèsé. Èéfín ló mú àwọn ará ìsàlẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá, tí wọ́n fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé. Ìkòkò ti dúdú kọjá fífọ̀. Wọ́n bi í pé kí ló ń wò. Ó ní omi tó ń ṣàn lójú pópó lòun ń wò. Òótọ́ ló sọ.

Motọ́lání kò pariwo nígbà tó dé. Ó gbé sílíńdà gáàsì lọ, ó sì gbé ẹ̀rọ dúdú kan sí ipò rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́à-fúráyà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló fi ń dín nǹkan, ó sì ń pa ara rẹ̀ bí àkókò bá ti pé, yálà ẹni tó tan án rántí tàbí kò rántí. Ó ní kí bàbá òun fi í bọ́ ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bó bá ṣeé ṣe, kó máa gbé ilé rẹ̀ ní Àgùdà. Bí kò bá ṣeé ṣe, yàrá kan wà n'Ìbàdàn tí wọ́n ti kùn lọ́dà, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò. Bàbá ní òun gbọ́.

Oṣù mẹ́ta náà pé lónìí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Motọ́lání ń bi í lórí fóònù pé kí ló jẹ lọ́sẹ̀ náà, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni bàbá sì ń dáhùn pé ọ̀dùnkún. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Èèyàn kàn gé e sínú ẹ̀rọ ni, ó sì di oúnjẹ. Motọ́lání ní ẹni tó ń jẹ ọ̀dùnkún lójoojúmọ́ kò bọ́ ara rẹ̀, ó kàn ń fi oúnjẹ tan ara rẹ̀ ni. Èyí ló mú kó wá báàgì.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, bàbá rẹ̀ ti ń ṣe wáfù, oúnjẹ òyìnbó oníhò tí wọ́n ń fi fúláwà ṣe, ní gbogbo Sátidé.

Evelyn ló ni wáfù nínú ilé yìí. Ìyàwó rẹ̀ ni, olùkọ́ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Yábàá, ó sì ti di ọdún méjì tó ti kú. Sátidé kan kì í kọjá kó má gbé irin oníhò tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ka iná. Irin náà ṣì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí Bàbá Ambrose rí rọ́bà oníhò yìí lọ́jà Tẹ́júoṣó, ó dúró tì í títí tí ẹni tó ń tà á fi gbé àga fún un. Ó bi ọkùnrin náà bóyá kò ní yọ́ nínú ooru. Ọkùnrin náà ní, “Bàbá, bó bá yọ́, ẹ kó o padà wá, èmi ni màá jẹ ẹ́.”

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni bàbá rí lára rẹ̀. Iṣẹ́ ayàwòrán ilẹ̀ ló fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe. Ó ń fi tàdáwà tẹ́ẹ́rẹ́ ya ojúlé àti òpópó sórí bébà, àwọn ẹlòmíràn á wá lọ kọ́lé sí ibi tí ó yà. Ojú ayàwòrán ló fi ń wo wáfù láyé Evelyn. Ojúlé mẹ́rìndínlógún, òpópó mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró. Bí Evelyn bá ti da oyin sí i, bàbá á gbé fọ́ọ̀kì, á máa fi han Motọ́lání tó wà ní kékeré: ibí ni ṣọ́ọ̀ṣì, ibí ni iléèwé màmá ẹ, ibí ni ilé wa. Ọmọ náà á jẹ gbogbo àdúgbò tán pátá, á wá fi ilé wọn sílẹ̀ lórí àwo. Ó ní a kì í jẹ ilé ẹni.

Evelyn kò kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀. Bàbá mọ̀ pé fúláwà ni, ẹyin méjì, mílíìkì, bọ́tà yíyọ́, ṣúgà díẹ̀. Ọwọ́ tó ń po gbogbo rẹ̀ ni kò mọ̀. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn ń pò láyé, ẹyọ kan ló mọ ìró rẹ̀. Jameelah onídìrí tó ń gbé nísàlẹ̀ a máa po àkàrà nínú odó láràárọ̀ Sátidé, ó sì ti tó ọdún mẹ́jọ tí ìró ọmọ odó rẹ̀ ti ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú oorun bàbá. Ìró yẹn ló tẹ̀ lé. Ó lu fúláwà títí tí apá fi ń ro ó, ó ń retí kó wú. Ohun tó jáde nínú ẹ̀rọ le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ó jẹ ẹ́ tán. Evelyn kì í fẹ́ kí wọ́n da oúnjẹ nù.

Sátidé mẹ́rin ló fi jẹ bàtà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé ọ̀kan sórí àwo, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Jameelah. Jameelah gé e jẹ. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó gbójú sókè wo ọ̀run.

“Bàbá Motọ́lání, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lù ú ni?”

“Mo lù ú.”

“Báwo lẹ ṣe lù ú?”

“Bí o ṣe ń lu tìẹ.”

Jameelah rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní ẹ̀wà làwọn ń lù bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀wà ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú òun. Fúláwà ní tirẹ̀ a máa bínú. Kí bàbá rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá péré, kó má tiẹ̀ jẹ́ kó kúnná tán, kó wá bò ó mọ́lẹ̀, kó má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

“Títí di ìgbà wo?” ni bàbá bi í.

“Títí tẹ́ ẹ fi máa gbàgbé ẹ̀ díẹ̀.”

Bàbá gòkè lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó le fún un ju lílù lọ. Ìgbàgbé ni ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn rẹ̀. Báwo ni ẹni tí wọ́n fẹ́ kó kúrò nílé nítorí ohun tó gbàgbé lórí iná ṣe máa mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé òmíràn lórí tábìlì? Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e àti ìkejì rẹ̀, ó rò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòótọ́, ó bò ó, ó sì dúró tì í. Kò pẹ́ tó fi ṣí i wò. Ó tún rò ó lẹ́ẹ̀kan, kó má baà dì. Ó tún ṣí i. Wáfù náà rọ̀ ju bàtà lọ, ṣùgbọ́n kò tíì di oúnjẹ tí èèyàn lè gbé síwájú ọmọ tó ń gbé báàgì bọ̀.

Lónìí, ó ti fọ́ ẹyin méjì tó kù nínú ilé sínú fúláwà. Ó ka ìròpọ̀ rẹ̀ dé mẹ́wàá. Ọwọ́ rẹ̀ ń fẹ́ ìkọkànlá, ó sì gbé ṣíbí náà jù sínú omi kó má baà rí i lò. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ Evelyn, èyí tó ní òdòdó aláwọ̀ búlúù létí, bo abọ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi rò pé ó tó. Ó tẹ ẹ̀rọ, iná pupa rẹ̀ tàn. Ó na ọwọ́ sí aṣọ náà.

Iná pupa kú. Fáànù yí lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró. Wọ́n ti mú iná. Ṣe ni gbogbo àdúgbò dákẹ́ lọ́lọ́, àfi ọmọ odó Jameelah tó ń dún nísàlẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Motọ́lání ti kan ilẹ̀kùn.

Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Ó gbé báàgì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó wo ẹ̀rọ tó kú, ó wo ẹ̀wù funfun tí bàbá lọ̀ wọ̀, ó wo abọ́ tí aṣọ ìyá rẹ̀ bò. Ó bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Bàbá ní wáfù ni. Motọ́lání jókòó. Ó ní iná kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ n'Ìbàdàn níbi tí òun wà. Bàbá ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Wọ́n jókòó. Kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n lè ṣe. Oòrùn ti gun orí ilé òdìkejì, ó gba àárín irin fèrèsé wọlé, irin náà sì gé e sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin sórí ilẹ̀. Àwọn ihò ìmọ́lẹ̀ náà ń rìn. A kì í rí wọn bí wọ́n ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá gbójú kúrò tó tún gbé e padà, wọ́n á ti kúrò lẹ́sẹ̀ tábìlì, wọ́n á ti súnmọ́ báàgì. Eruku ń lọ ń bọ̀ nínú wọn bí àwọn èèyàn ṣe ń lọ ń bọ̀ lójú pópó. Bàbá rò pé òun gbọ́ tí Evelyn ń wá ṣíbí ní kíṣìnnì. Ọmọ odó ìsàlẹ̀ dákẹ́. Òórùn àkàrà gòkè wá.

“Èwo ni ilé wa níbẹ̀?” ni Motọ́lání bèèrè. Ilẹ̀ ló ń wò.

Bàbá kò bi í pé níbo. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ kan ihò ìmọ́lẹ̀ kan.

“Ibí ni. Ó ti fẹ́ bọ́ sábẹ́ àga.”

Motọ́lání bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ wọn nínú oòrùn. Ó lè jẹ́ ìdajì wákàtí. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó wo aago.

Fáànù ló kọ́kọ́ yí. Ẹ̀rọ ké pííì. Àwọn méjèèjì kò tètè dìde.

“Dádì, ẹ ti gbàgbé nǹkan yín lórí tábìlì.”

Bàbá wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀gàn wà níbẹ̀. Kò sí. Ó ṣí aṣọ. Fúláwà ti ga díẹ̀, ihò wínníwínní ti yọ lójú rẹ̀ bí ihò ojú iyanrìn tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀. Kò rò ó. Ó dà á sínú rọ́bà jẹ́ẹ́jẹ́, ó gbé e sínú ẹ̀rọ, ó sì padà wá jókòó. Motọ́lání rí i pé ó jókòó. Nígbà tí àkókò pé, ẹ̀rọ pa ara rẹ̀.

Wáfù náà bọ́ lára rọ́bà láìfi nǹkan kan sẹ́yìn. Ó pọ́n létí, ó sì ń dún kẹ́kẹ́ bí fọ́ọ̀kì ṣe kàn án. Bàbá da oyin sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kó kún borí òpópó. Ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sórí itan.

Motọ́lání bẹ̀rẹ̀ láti igun. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu abẹ́ ojú, ó tún ń bá a lọ. Nígbà tó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ihò kan ṣoṣo ló kù lórí àwo, oyin inú rẹ̀ kò dà.

Ó dìde, ó ṣí fíríìjì, ó wo inú rẹ̀.

“Ẹyin ti tán nílé yín.”

“Mo mọ̀, Àṣàkẹ́.” Oríkì rẹ̀ ni bàbá pè é.

“Ẹ lọ ra òmíràn fún Sátidé tó ń bọ̀ kí oòrùn tó mú.”

Bàbá wọ bàtà, ó mú kíréètì ẹyin tó ṣófo mọ́ abíyá, ó sì gbé báàgì náà kí ọmọ rẹ̀ tó dé ìdí rẹ̀. Motọ́lání ní kó jẹ́ kí òun gbé e. Bàbá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀, Jameelah ń di irun oníbàárà kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí báàgì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró nínú irun. Bàbá fi ìka kan ṣoṣo gbé báàgì náà sókè, ó mì í: òfìfo ni. Jameelah tẹrí ba padà sídìí irun, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá fi báàgì sínú bùútù ọkọ̀ Motọ́lání, ó pa á dé. Motọ́lání ní kó wọlé, kí òun gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́yin. Bàbá ní rárá, kò jìnnà, kó máa lọ kó má baà pẹ́ lọ́nà. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀ náà díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan nínú rẹ̀, ó sì gbé e kúrò. Ó yí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí òjìji ilé bò, kíréètì lábẹ́ abíyá rẹ̀, ó ń lọ.