Hilkka Wọ Àwọ̀ Ọsàn

Tí ẹ bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ Hilkka nígbà òtútù, ẹ ní láti tan iná kí ẹ tó rí nǹkan kan níbẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú, bùláòsì dúdú, oríṣiríṣi súwẹ́tà dúdú tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ìyàtọ̀ wọn, àti kóòtù dúdú kan tó nípọn bíi tìmùtìmù. Kì í ṣe pé ó ń ṣọ̀fọ̀ o. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó sì ti sunkún rẹ̀ tán. Ohun tó máa ń sọ ni pé dúdú kì í bá aṣọ mìíràn jà, kì í tètè dọ̀tí, kì í sì í jẹ́ kí ikùn hàn. Gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kajaani, ìlú wọn ní orílẹ̀-èdè Finland, ló gbà bẹ́ẹ̀. Oòrùn á ti wọ̀ kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, àwọn aláṣọ dúdú á sì máa kọlu ara wọn nínú òkùnkùn.

Ìdí mìíràn wà tí kì í sọ. Nígbà tó wà lọ́mọge lóko, ó rán aṣọ pupa kan fúnra rẹ̀. Màmá rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ta ni o fẹ́ kó rí ọ?” Hilkka bọ́ ọ, kò sì wọ̀ ọ́ mọ́. Aṣọ náà padà di èyí tí wọ́n fi ń nulẹ̀. Hilkka lọ sílé ọkọ, ó dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó lé ní àádọ́rin ọdún, ìbéèrè yẹn ò kúrò létí rẹ̀.

Ibi tí ara rẹ̀ ti máa ń yá jù ni gbọ̀ngàn ijó àwọn àgbà tó wà létí adágún, ní gbogbo Sátidé. Ibẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Àwọn obìnrin á tò sídìí ògiri kan, àwọn ọkùnrin á tò sídìí èkejì. Pátákó oníná kan wà lókè orí àwọn olórin tó ń sọ ẹni tó kàn. Tó bá tàn fún ọkùnrin, ọkùnrin á la gbọ̀ngàn kọjá, á tẹrí ba fún obìnrin tó wù ú, wọ́n á jó orin méjì, á dá a padà síbi tó ti mú un, á dúpẹ́, ó parí. Tó bá tàn fún obìnrin, àwọn obìnrin ló máa lọ mú ọkùnrin. Ìgbà yẹn gan-an ni Hilkka máa ń rántí pé okùn bàtà òun ti tú, tí á bẹ̀rẹ̀ láti so ó. Bàtà rẹ̀ ò sì ní okùn.

Láti ìgbà tí ewé ti ń rẹ̀ ni Tauno ti ń wá mú un. Tauno ga, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ó máa ń ta sánsán ọṣẹ, ó sì mọ tángò jó débi pé ẹsẹ̀ ẹni tó bá bá a jó á gbọ́n ju orí rẹ̀ lọ. Àmọ́ nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀, ó ń dúró kí ilé ìwòsàn pè é fún iṣẹ́ abẹ. Ní Sátidé kan, bó ṣe ń dá Hilkka padà sídìí ògiri, ó ní, “Ní Sátidé tó ń bọ̀, tí a bá jó tán, ẹ jẹ́ ká lọ mu kọfí.” Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn níbẹ̀. Ọkùnrin lè bá obìnrin jó fún ọdún gbọọrọ kó má dárúkọ kọfí.

Hilkka ò rí oorun sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Ó fọ irun rẹ̀, ó dì í, ó wọ èyí tó dúdú jù nínú aṣọ rẹ̀. Sátidé pé, pátákó tàn fún ọkùnrin, Tauno dìde. Ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ Hilkka. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé, ó yà sọ́wọ́ òsì, ó tẹrí ba fún Lahja.

Inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà ni Lahja ń gbé, lókè yàrá Hilkka gan-an. Opó lòun náà, orí rẹ̀ funfun bíi ti Hilkka, ara rẹ̀ dúdú fún aṣọ. Ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe jó, ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe gba ìdí kọfí lọ, ó gbé kóòtù rẹ̀ wọ̀, ó gbalé lọ. Ológbò rẹ̀ nìkan ló mọ bó ṣe sunkún tó.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ àwọn obìnrin nínú yàrá ooru tí wọ́n ti ń làágùn wẹ̀, tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn. Hilkka ti jókòó sórí pákó òkè níbi tó ti gbóná jù, òun àti Rauha, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, nígbà tí Lahja wọlé. Kò sẹ́ni tó wọ dúdú níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó wọ nǹkan kan. Lahja da omi sórí òkúta gbígbóná, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

“Hilkka, mo jẹ̀bi ẹ. Hilkka ni Tauno ń pè mí látìbẹ̀rẹ̀ dópin.”

“Kí lo wá ṣe?” Rauha ló béèrè.

“Mo ń dá a lóhùn.”

“Ò ń dá a lóhùn?”

“Ó bi mí pé báwo ni ológbò mi. Mo ní ara ẹ̀ ti ń yá.”

“Lahja, o ò ní ológbò.”

“Ṣé mi ò mọ̀ ni? Ó ti ra búrẹ́dì aládùn fún mi, ó ṣì gbóná. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin ti ra nǹkan fún mi kẹ́yìn. Mo ní tí mo bá jẹ ẹ́ tán, màá sọ òótọ́ fún un. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán, ojú wá ń tì mí.”

Hilkka fẹ́ bínú. Ìbínú yẹn ò tíì dé ọ̀fun rẹ̀ tí ẹ̀rín fi já a gbà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, Lahja náà ń rín, Rauha sì yọ̀ bọ́ sórí pákó ìsàlẹ̀.

“Ẹ má bá Tauno wí,” Rauha sọ nígbà tó rí èémí mí. “Èmi tójú mi dá ṣáṣá, mo ti di Lahja mú lọ́jà rí, mo rò pé Hilkka ni, mo ń bi í nípa àwọn ọmọ ẹ̀. Dúdú yìí ló ń bà wá jẹ́. Hilkka, ọ̀la la máa wá àwọ̀ sí ẹ lára.”

Lọ́jọ́ kejì, Rauha ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó wò ó títí. “Kọ́bọ́ọ̀dù nìyí àbí ìdí ìkòkò?”

Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà lọ. Rauha ń gbé aṣọ sábẹ́ àgbọ̀n Hilkka níwájú dígí, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọ̀ iyeyè mú kó dà bí ẹni tí ibà ń ṣe. Àwọ̀ osùn sàn, ojú rẹ̀ gbóná díẹ̀. Ìgbà tó kan kádígàn onírun kan tó jẹ́ àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa, ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là kedere. 

“Wọ́n á rò pé mo wá tún títì ṣe ni,” Hilkka sọ.

“Ta ni wọ́n rí nídìí títì tó ń jó tángò?”

“Rauha, mo ti dàgbà.”

“Dúdú ló ń bù kún ọjọ́ orí ẹ. Mi ò ní o kó gbogbo ẹ̀ dànù. Jẹ́ kí síkẹ́ẹ̀tì dúdú wà nísàlẹ̀, kí ọsàn wà lókè, nítòsí ojú. Ojú la fi ń ríni.”

Hilkka wọ̀ ọ́ lọ sílé, ó sì ṣí kóòtù sílẹ̀ nínú òtútù kí ó lè máa rí i. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó òjò dídì kúrò lójú títì juwọ́ sí i. Mọ́tò kan dúró kí ó kọjá nígbà tí kò tíì dé etí títì pàápàá, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ ń wú. Nígbà tó délé, ó jó káàkiri pálọ̀ títí ológbò fi sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ohun tí Hilkka ò mọ̀ ni pé Lahja kì í dákẹ́. Kí Sátidé tó pé, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé ojú Tauno ò rí dúdú mọ́. Hilkka bọ́ kóòtù, ó ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ẹnu rẹ̀ là. Ògiri àwọn obìnrin ti gbiná. Ẹnìkan wọ pupa bí epo, ẹnìkan wọ osùn, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì sì wọ iyeyè láti orí dé bàtà. Rauha fúnra rẹ̀ ń pọ́n wẹ̀ẹ̀. Lahja dúró láàárín wọn, ó wọ àwọ̀ ọsàn.

“Lahja.”

“Má bínú. Òun ló kù ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Ìyá olólógbò.”

“Mi ò ní dá a lóhùn lọ́tẹ̀ yìí, mo búra.”

Lódì kejì, àwọn ọkùnrin ò mọ ibi tí wọ́n máa wò. Ọ̀kan yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Onídùùrù ṣi orin lù. Pátákó tàn fún ọkùnrin, Tauno dìde, ó rìn dé àárín gbọ̀ngàn, ó dúró. Gbogbo àwọ̀ yẹn ti yọ́ pọ̀ lójú rẹ̀. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Òun náà ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì fẹ́ pe obìnrin lórúkọ ẹlòmíràn mọ́. Ó yí padà sídìí ògiri rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà ibi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́.

Hilkka mọ̀ ọ́n. Onítìjú ni. Tó bá jáde lálẹ́ yìí, kò ní wá mọ́.

Orin méjì parí. Pátákó tàn fún obìnrin. Kí Hilkka tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú àwọ̀ ọsàn. Ó gbọ́ ohùn màmá rẹ̀: “Ta ni o fẹ́ kó rí ọ?”

“Bàtà yẹn ò ní okùn o,” Rauha sọ láìwò ó.

Hilkka nàró. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Gbọ̀ngàn náà fẹ̀ ju bó ṣe máa ń fẹ̀ lọ, gbogbo ojú ló sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rín sì ń pa á pẹ̀lú. Tauno ti mú ọwọ́ kan bọ kóòtù. Ó dúró, ó rọra yọ ọwọ́ náà.

“Hilkka ni, àbí?”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Mi ò mọ̀. Mo rí ọsàn kan tó kúrò lára ògiri, tó ń bọ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó má yà sọ́wọ́ òsì.”

Ó mú un lọ́wọ́, wọ́n jó. Nígbà tí orin kejì fẹ́ parí, Tauno béèrè pé báwo ni ológbò. Hilkka ní ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sá fún aṣọ òun. Ẹ̀rín Tauno ta dé ìdí àwọn olórin. Wọn ò dá ara wọn padà síbi kankan. Ìdí kọfí ni wọ́n gbà lọ, Tauno sì ra búrẹ́dì aládùn tó gbóná.

Ó jókòó sí iwájú Hilkka, ó tẹ̀ síwájú, ó ń wo àwọ̀ náà bí ẹni tí kò fẹ́ ṣẹ́jú. Màmá Hilkka ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́. Síbẹ̀, Hilkka dá a lóhùn nínú ọkàn rẹ̀, búrẹ́dì ṣì kún ẹnu rẹ̀: ọkùnrin yìí ni, màmá.