Ẹnu Tí Àbúrò Mi Mú Ti Ìlọrin Dé

Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, gbogbo ará Ọ̀mù-Àrán tó bá bí ọmọ tó já fáfá ló fẹ́ kó lọ kàwé ní Ìlọrin. Àbúrò mi ọkùnrin lọ. Nígbà tó wálé fún ìsinmi, bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, "Wẹ́tìn dé?" ló fi kí mi ní àdàmọ̀dì Gẹ̀ẹ́sì, bí ìgbà tó ń bi ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ara fu mí. Ara fu bàbá wa náà, tíṣà ilé ìwé ìjọ, tí etí rẹ̀ kì í gba Gẹ̀ẹ́sì tí kò gún. Ó ní ọmọ ilé ìwé kì í sọ irú èyí, àwọn tó ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ní gáréèjì ló ni ín. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ò rí i bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì bàbá mi ti di ti ará oko, inú àdàmọ̀dì àbúrò mi ni ọ̀làjú wà. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń kọ́ ọ. Inú bí mi débi pé mi ò bá a jẹun pọ̀.

Bàbá mi ní bó bá jẹ́ pé ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀, kò ní padà sí Ìlọrin mọ́. Kó lè mọ òótọ́, ó ní kó ka Bíbélì lédè Gẹ̀ẹ́sì níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àbúrò mi kà á bí ẹni pé òyìnbó ló ń kà á. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ta ló kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì yẹn? Bàbá mi fúnra rẹ̀ ni, nínú pálọ̀ wa, kí ọmọ náà tó mọ ọ̀nà Ìlọrin. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ìyá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, kò sì dá sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àbúrò mi ń padà, ó sìn ín dé ìdí ọkọ̀, ó fi oríkì kí i bó ti ń ṣe láti kékeré rẹ̀. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, ó dáhùn dáadáa, ní ohùn Ìgbómìnà wa gan-an.

"Mo gbọ́," ni ìyá mi wí. "O ní ẹnu ti gáréèjì, o ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, o tún ní tèmi. Èwo lo máa fi sọ fún mi bóyá o ṣì ń lọ sílé ìwé?"

Awakọ̀ fọn fèrè. Àbúrò mi yára fẹ́ wọ ọkọ̀.

Ìyá mi nawọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó sọ àpótí ọmọ rẹ̀ kalẹ̀.