Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Ṣe Pẹ̀lú Tsúbà Lọ́wọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Sharjah, mo rò pé gbogbo bàbá ló ń tọ́jú irin idà àwọn ará Japan sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Báǹkì kan ní Dubai ni Dádì mi ti ń ṣiṣẹ́. Bí bàbá àwọn ọ̀rẹ́ mi bá gba owó oṣù, wọn a ra tẹlifíṣọ̀n. Tèmi a ra tsúbà. Tsúbà ni irin pẹlẹbẹ, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, tó máa ń wà láàárín èèkù àti ojú idà, kí ọwọ́ má baà yọ̀ bọ́ síbi tó mú. Idà fúnra rẹ̀ kò sí nílé wa o. Ohun tó máa ń ya Mọ́mì lẹ́nu nìyẹn: "Ẹ ò ra idà, ẹ ò ra èèkù, ẹ wá lọ ra èyí tó wà láàárín!"

Mẹ́ta péré ni Dádì ní. Láàárọ̀ Friday, tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀ nígbà náà, tí òórùn àkàrà bá ti gbalé kan, wọ́n á tẹ́ aṣọ òwú funfun sórí tábìlì, wọ́n á máa fi òmíràn nu irin náà díẹ̀díẹ̀. Kànrìnkàn ò gbọdọ̀ kàn án, torí àwọ̀ dúdú tí ọjọ́ orí fún un yẹn ni iyì rẹ̀. Èmi á dúró lẹ́yìn àga, n ó káwọ́ sẹ́yìn. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, nítorí wọ́n ti ká mi mọ́bi tí mo ti fi ọ̀kan ṣe síárìn, tí mò ń wa ọkọ̀ láti Sharjah lọ sí Èkó, tí mò ń fi ẹnu fun fèrè. Mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo nawọ́ sókè títí apá mi fi ń gbọ̀n. Síbẹ̀, kò sóhun tí mo fẹ́ láyé tó kí n jókòó sídìí tábìlì yẹn, kí n gbé irin dání, kí n sì máa mi orí bí ẹni tó mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan, Dádì fẹ́ gbé èyí tó dára jù lọ fún bàbá arúgbó ará Japan kan wò, tí àwọn tó fẹ́ràn tsúbà máa ń pàdé lọ́dọ̀ wọn, nínú wẹ́háùsì kan ní Al Quoz. Mo bẹ̀bẹ̀ títí.

Dádì ní, "Ó dáa, ìwọ lo máa gbé e wọlé. Bọ́mọdé bá mọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì o! Tó o bá fi ọwọ́ kan sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, khalas, ó parí nìyẹn, o ò ní fojú kàn án mọ́ títí wàá fi hu irùngbọ̀n."

Mo fọwọ́ títí ó fi hunjọ. Lójú ọ̀nà, Dádì ra páráta gbígbóná, búrẹ́dì pẹlẹbẹ olóròóró àwọn ará India, àti tíì. Mo ní mi ò jẹ, kí epo má baà kàn mí lọ́wọ́. Ebi sì ń pa mí o. Mo kàn ń ṣe bí ọ̀gá ni.

Bí a ṣe wọlé, bàbá arúgbó náà dìde, wọ́n sì tẹríba fún mi, èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ! Ẹ̀rù bà mí. Nílé wa, ọmọ tó bá jẹ́ kí àgbà tẹríba fún òun ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ègún. Mo yára tẹríba jù wọ́n lọ. Àwọn náà tún lọ sílẹ̀ sí i. Mo tún lọ sílẹ̀. Nígbà tí kò síbi tí mo tún lè lọ mọ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà lórí sìmẹ́ǹtì, ọwọ́ méjèèjì níwájú, tsúbà lókè.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èèyàn ò lè dìde nínú ìdọ̀bálẹ̀ láìfọwọ́ tilẹ̀.

Dádì ní, "Káyọ̀dé, dìde now!"

"Mi ò lè dìde, sà. Ẹ ní ọwọ́ méjèèjì."

Mò ń ju ẹsẹ̀ lásán. Omi ti lé sójú mi, torí mo mọ̀ pé ó ti parí fún mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá náà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orúnkún wọn ń dún, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba irin náà, wọ́n sì fọwọ́ lu ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn pé kí n wá jókòó. Wọ́n dá a padà sí mi lọ́wọ́. Wọ́n fi ìka hàn mí ibi tí òòlù alágbẹ̀dẹ ti bà, àti ẹyẹ kékeré tí wọ́n gbẹ́ sí etí rẹ̀. Dádì náà wá jókòó tì wá, tàwọn ti ṣòkòtò ọ́fíìsì. Mo mi orí gan-an. Mi ò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ebi.

Báyìí, èmi náà ti di bàbá. Al Rigga ní Dubai la ń gbé, tsúbà mi sì kún dúrọ́ọ̀ méjì. Orí fóònù ni mo ti ń rà wọ́n. Èyí tí mo fi yangàn jù, tí mo fi aṣọ òwú nù tìfẹ́tìfẹ́, ẹnìkan wá sọ fún mi pé kì í ṣe ojúlówó, pé fún àwọn onírìn-àjò afẹ́ ni wọ́n rọ ọ́. Friday ti di ọjọ́ iṣẹ́, nítorí náà àárọ̀ Saturday ni mo máa ń tẹ́ aṣọ funfun tèmi. Ní Saturday tó kọjá, mo fa àga kejì sídìí tábìlì, mo pe ọmọ mi tó wà lórí ṣọ́fà pé kó wá wo ọ̀kan.

Kò gbójú kúrò lára táblẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ fi picture ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi."

Ó dùn mí. Síbẹ̀ mo ya fọ́tò náà, mo fi ránṣẹ́, mo sì jókòó síbẹ̀, mò ń retí kó wò ó.